Yìnyín Èso fún Ajá Lásìkò Ooru

Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde. Mímí hẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló fi ń lé ooru kúrò lára. Omi orí ahọ́n àti ti ọ̀nà èémí ló ń gbẹ tí ara rẹ̀ fi ń tutù, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà wọlé. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ní ilẹ̀ Yorùbá, ajá tó wà ní àgbàlá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lè máa mí bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Àwọn tí imú wọn pẹlẹbẹ, bíi Lhasa, Pug àti Bulldog, ni ìyà náà ń jẹ jù, torí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fún wọn há. Rottweiler àti Caucasian tí irun tàbí ẹran ara wọn pọ̀ ló tẹ̀ lé wọn.

Iṣẹ́ yìnyín èso, ìyẹn èso tí a lọ tàbí tí a tẹ̀ tí a sì mú dì nínú fírísà, ni kí ajá lá a, kí omi wọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì tutù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibòji àti abọ́ omi tí a ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò bá tíì ṣètò ìwọ̀nyẹn, kó má tíì wulẹ̀ gé èso kankan.

Ìròyìn kan máa ń kiri lórí WhatsApp pé yìnyín máa ń lọ́ ikùn ajá, á sì pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó léwu ni kí ajá máa gbé nǹkan mì gbùngbùn, ì báà gbóná ì báà tutù, pàápàá àwọn ajá ńlá tí àyà wọn jìn. Títutù yìnyín kọ́ ló sábà ń ṣe ajá ní jàǹbá. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ni, àti bó ṣe le tó, àti bó ṣe tóbi tó.

Èso tó yẹ, àti bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀

Wọ́tàmẹ́lọ̀n ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Omi kó nǹkan bí ìdá 92 nínú 100 rẹ̀, gíráàmù 100 rẹ̀ kò sì ju bíi kálórì 30 lọ. Ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ má sì fi èèpo rẹ̀ sí i. Kóró méjì tàbí mẹ́ta kò ní ṣe ajá ńlá ní nǹkan kan, àmọ́ tó bá pọ̀ nínú ajá kékeré, ó lè dí ìfun; èèpo ní tirẹ̀ le, kì í dà nínú ikùn dáadáa. Èyí tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́bàá títì kò dára: oòrùn ti pa á, eṣinṣin ti bà lé e. Odindi ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ fọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, torí ìdọ̀tí ara èèpo ni ọ̀bẹ máa ń kó wọnú.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Òun ló ń jẹ́ kí yìnyín rọ̀, a ó padà sórí ìyẹn. Àmọ́ kálórì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti wọ́tàmẹ́lọ̀n, nítorí náà ẹyọ kan ti tó fún odindi àwo.

Ìbẹ́pẹ gbọ́dọ̀ pọ́n dénú. Oje funfun tó wà lára èyí tí kò tíì pọ́n máa ń yún ẹnu, ó sì ń da ikùn láàmú. Ẹ bó o, ẹ kó gbogbo kóró rẹ̀ dànù. Tó bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ ajá á rọ̀. Máńgòrò dára, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò. Kóró máńgòrò tí ajá bá gbé mì lè há sí ìfun, ó sì di pé kí dókítà ẹranko la ikùn rẹ̀ kó tó yọ. Ẹ má ṣe jù ú sí ibi tí ajá lè dé, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu máńgòrò tiyín tán. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní ìkan. Ẹ yọ èèpo àti àárín rẹ̀ tó le, kó má sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àpòpọ̀ lọ. Ápù náà ṣeé lò, kẹ́ ẹ ṣáà ti yọ kóró àti àárín rẹ̀.

Kùkúńbà kò ní wàhálà rárá. Kárọ́ọ̀tì ní tirẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ kó rọ̀ kí ẹ tó mú un dì, torí kárọ́ọ̀tì tútù tó dì gbagidi le bí igi.

Ọsàn kì í ṣe májèlé fún ajá, àmọ́ ìkan rẹ̀ àti òróró ara èèpo rẹ̀ kì í bá ikùn wọn mu, ajá púpọ̀ kì í sì fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Èso tó ti pọ́n jù, tó ti ń rùn bí ẹmu, ẹ dà á nù. Ọtí ti wà nínú rẹ̀, ara ajá kò sì gba ọtí.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín ajá

Èso àjàrà ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù, tútù àti gbígbẹ. Ó ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n tí a lè pè ní kékeré, torí àwọn ajá kan ti dùbúlẹ̀ àìsàn nítorí díẹ̀ tó jẹ́ pé òmíràn jẹ é tí nǹkan kan kò ṣe é. Èròjà kan tó ń mú ẹnu kan, tó pọ̀ nínú àjàrà, ni wọ́n fura sí jù, ó sì wà nínú àjàgbọn náà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya. Nítorí náà, omi àjàgbọn tí a ń mu fún òùngbẹ kì í ṣe ti ajá.

Xylitol ni èkejì. Ṣúgà àtọwọ́dá ni, ó máa ń wà nínú ṣingọ́ọ̀mù, nínú ọṣẹ ìfọyín àti nínú àwọn bọ́tà ẹ̀pà kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ débi tí á fi ṣubú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀pà sí yìnyín, ẹ lọ ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀ fúnra yín. Kúlíkúlí kò dára, torí iyọ̀, ata àti atalẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀.

Àwọn yòókù: ṣokoléètì àti ohunkóhun onikòkó, àlùbọ́sà, áàyù, mílíìkì alágolo tó ní ṣúgà, jùúsì inú páálí, àti yọ́gọ́ọ̀tì aládùn. Yọ́gọ́ọ̀tì funfun tí wọn kò fi nǹkan kan sí ni ẹ lè lò, díẹ̀ ni o, torí ọ̀pọ̀ ajá tó ti dàgbà ni ara wọn kì í gba mílíìkì púpọ̀. Ẹ fi píà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù, kóró rẹ̀ sì tóbi tó láti dí ọ̀nà ọ̀fun.

Ìwọ̀n

Gbogbo ìpanu ajá lójúmọ́, pẹ̀lú bísíkí̀ìtì àti eegun tí àwọn ọmọ ń jù sí i, kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Fún ajá kílò 5, ìyẹn jẹ́ bíi kálórì 35. Fún ti kílò 10, bíi 60. Kílò 20, bíi 105. Kílò 40, bíi 175. Èso tútù ni, ṣúgà èso ṣì wà nínú rẹ̀, ajá tó sì ń jókòó sójú kan nínú ọgbà kì í pẹ́ sanra. Nígbà àkọ́kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ fún un, kí ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ajá onítọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Fún ajá tí àmọ́ (pancreas) inú rẹ̀ ti ní ìṣòro rí, ẹ yọ yọ́gọ́ọ̀tì àti ẹ̀pà kúrò pátápátá. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò nílò rẹ̀.

Wọ́tàmẹ́lọ̀n àti ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ohun èlò rẹ̀ ni gíráàmù 400 ẹran wọ́tàmẹ́lọ̀n tí a ti yọ kóró rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n dáadáa (bíi gíráàmù 100 lẹ́yìn tí a bá bó o), àti ṣíbí ìjẹun 3 yọ́gọ́ọ̀tì funfun. Bí kò bá sí yọ́gọ́ọ̀tì, ẹ fi ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bílẹ́ńdà kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Èyí tí ẹ fi ń lọ ata àti àlùbọ́sà kì í mọ́ pẹ̀lú ṣíṣàn lásán. Ẹ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ abẹ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ata máa ń sá pamọ́ sí. Bí rọ́bà náà bá ṣì ń ta síni nímú lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má lo bílẹ́ńdà yẹn. Ohun kan náà ni fún ọlọ àti odó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú yọ́gọ́ọ̀tì títí yóò fi kúnná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da wọ́tàmẹ́lọ̀n sí i, kí ẹ sì tẹ bílẹ́ńdà ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, díẹ̀díẹ̀. Bí bílẹ́ńdà bá lọ̀ ọ́ pẹ́ jù, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, á yọ fóòmù, nígbà tó bá sì dì, òkè rẹ̀ á fúyẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di omi yìnyín gbagidi. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi ṣíbí gbọ́n fóòmù kúrò.

Ẹ bù ú sínú àwo rọ́bà tí a fi ń ṣe yìnyín. Ẹ má jẹ́ kó kún dé ẹnu, torí omi máa ń wú tó bá ń dì. Ẹ fi bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá mímọ́ bo orí rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú nínú fírísà. Bí fírísà bá wà ní ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, wákàtí 4 ti tó fún ojú àwo kéékèèké. Ó máa ń fún wa ní nǹkan bí ẹyọ 27 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlílítà 20, ìyẹn bíi kálórì 9 lẹ́yọ kan. Nítorí náà, ajá kílò 5 kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ 4 lọ lójúmọ́ bí kò bá tíì jẹ ìpanu mìíràn. Ti kílò 10, ẹyọ 6. Ti kílò 20, ẹyọ 11. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì ní ọ̀sán, ìdajì nígbà tí oòrùn bá fẹ́ rọ̀.

Bí kò bá sí bílẹ́ńdà

Gíráàmù 300 ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, mìlílítà 100 omi mímọ́. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ nínú abọ́ títí kò fi ní ní kókó ńlá mọ́, ẹ bu omi sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì mú un dì bíi ti ìṣáájú. Èyí ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn, ó sì bá ajá àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń mì mu.

Yìnyín fífẹ̀ fún ajá ńlá

Ajá kílò 30 sókè máa ń gbé ẹyọ kéékèèké mì láìlá a rárá, nǹkan tí a ń wá kò wá sí níbẹ̀ mọ́. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó tí kò fi ní ráyè gbé e mì. Ẹ wá abọ́ rọ́bà tó fẹ̀ tí kò jìn, tó gba bíi lítà kan. Ẹ pèsè mìlílítà 600 omi, gíráàmù 150 máńgòrò tí a gé wẹ́wẹ́, kárọ́ọ̀tì kan tí a ti bọ̀ tí a sì gé, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí a tẹ̀ tí a sì ti pò mọ́ omi náà.

Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èso púpọ̀ á léfòó sókè. Ajá á jẹ òkè tán, á fi yìnyín lásán sílẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ da ìdá kan nínú mẹ́ta omi àti èso sí i, ẹ mú un dì fún wákàtí 2 tàbí 3, ẹ da èkejì lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Láti yọ ọ́, ẹ ki ìdí abọ́ náà bọ omi ẹ̀rọ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ dojú rẹ̀ dé sínú agbada tó fẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbé ìyókù kúrò níwájú rẹ̀, yálà ó lá a tán tàbí kò lá a tán, kí ẹ fọ ojú ilẹ̀ náà. Èèrà kì í pẹ́ dé.

Abọ́ irin tàbí tánganran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fírísà jáde lè lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Rọ́bà ló sàn jù. Ẹ má sì mú un dì sínú ọ̀rá tí a so nídìí bíi kandí, kí ẹ wá jù ú sí ajá: adùn tó wà lára ọ̀rá náà á mú kó gbé ọ̀rá mì. Igi kandí náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Àwọn ajá ìbílẹ̀ wa mìíràn wà tí èso kò jọ lójú. Ẹ se àyà adìẹ tàbí ọrùn adìẹ nínú omi lásán, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, Maggi, ata tàbí àlùbọ́sà. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù, ẹ gbọ́n ọ̀rá tó dì lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi omi náà rọ́pò ìdajì omi inú yìnyín fífẹ̀ yìí. Wọn á lá a.

Líle rẹ̀

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Omi lásán tó dì le tó láti la eyín ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ajá, pàápàá ajá tó bá ń fi eyín fọ́ ọ dípò kó lá a. Eyín tó là máa ń jẹ́ kí iṣan rẹ̀ hàn síta, ìrora rẹ̀ kò kéré, ajá kì í sì sọ. Oúnjẹ tó ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ kan tó fi ń jẹun lẹ ó rí. Wọ́tàmẹ́lọ̀n nìkan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi tán, máa ń le bẹ́ẹ̀. Ṣúgà àti okùn inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ kì í jẹ́ kí omi dì pọ̀ di òkúta kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń pò ó mọ́ ọn.

Ẹ yọ ẹyọ kan síta fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi èékánná àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná bá fi àmì sílẹ̀, ẹ fún un. Bí kò bá rí àmì kankan, ẹ dúró sí i, tàbí kí ẹ fọ́ ọ kéékèèké, kí ẹ sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un nígbà mìíràn. Fún ajá tí kò tó kílò 10, ẹ gé e kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Fírísà àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Lẹ́yìn tó bá ti dì, ẹ kó o sínú ike onídèérí, jìnnà sí ẹja àti ẹran tútù tí omi wọn lè kán sí i. Ohun tí ajá máa lá tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ ṣe, bí iná àdúgbò yín bá jẹ́ èyí tí ó ń ṣe ségesège.

Ìṣòro ni pé yìnyín lè yọ́ lóru, kó tún dì kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú kò sì ní mọ̀. Ẹ bu omi sínú ife kékeré, ẹ mú un dì, ẹ fi owó wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò onírin lé orí rẹ̀, kí ẹ fi ife náà sílẹ̀ nínú fírísà. Bí ẹ bá rí owó náà nísàlẹ̀ ife tàbí ní àárín yìnyín, gbogbo nǹkan ti yọ́ rí. Ẹ da yìnyín ajá náà nù, torí kòkòrò àìsàn ti ráyè pọ̀ nínú èso àti yọ́gọ́ọ̀tì yẹn. Bó bá ṣì wà lókè, kò séwu. Fírísà tó kún dáadáa, tí a kò ṣí, lè mú nǹkan tutù fún bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi 24. Ẹ fi omi inú ọ̀rá dí àyè tó ṣófo.

Bí yìnyín bá ṣú díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kàn ni, kò ní nǹkan kan ṣe. Bí ìgbẹ́ ajá bá rọ̀ jù, ẹ dáwọ́ dúró fún ọjọ́ kan. Tó bá padà sípò, ẹ yọ yọ́gọ́ọ̀tì, ẹ dín ìwọ̀n kù sí ìdajì.

Fún àwọn tó wà ní Bìrìtéènì tàbí Amẹ́ríkà: èso oríṣiríṣi tó ti dì, tí wọ́n ń tà lápò ní ilé ìtajà, máa ń ní èso àjàrà nínú nígbà mìíràn. Ẹ ka ara àpò náà kí ẹ tó dà á sínú bílẹ́ńdà. Lára bọ́tà ẹ̀pà, wọ́n lè pe xylitol ní birch sugar.

Nígbà tí yìnyín kò tó mọ́

Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ ní ibòji, kí mímí rẹ̀ rọ̀ ná kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Ìgbóná ara ajá tó dá pé máa ń wà láàárín ìwọ̀n Celsius 38.3 sí 39.2. Bó bá kọjá 40, ewu ti dé. Bó bá dé 41, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ìgbóná ara lè wo àmì: itọ́ tó ki, èrìgì tó pọ́n gan-an, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, èébì, ìṣubú.

Ajá tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ki yìnyín bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ máa da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ máa fẹ́ ẹ pẹ̀lú fáànù tàbí páálí. Ẹ má fi tówẹ́lì tútù bò ó, torí ooru á há sábẹ́ rẹ̀. Bó bá lè mu omi fúnra rẹ̀, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara rẹ̀ tutù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kódà bó bá ti dìde tó sì ń ju ìrù, torí ìpalára tí ooru ṣe fún kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ lè má hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.